Ẹ̀rọ espresso mi ń gbóná jù, èéfín omi ló ń tú dípò kọfí (Àjàṣẹ́, Porto-Novo)

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ẹ̀rọ espresso kan nílé, ti Ítálì ni, àlòkù tó gba Kútọnu wọlé. Ìkòkò kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: èyí tó ń se omi kọfí náà ló ń ṣe èéfín tí a fi ń ho wàrà. Bọ́tìnì mẹ́ta ló ní, ti iná, ti kọfí, ti èéfín, pẹ̀lú iná kékeré méjì. Kò ní ojú kọ̀ǹpútà kankan.

Ó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní àìpẹ́ yìí, bí mo bá tàn án, tí mo dúró kó gbóná, tí mo wá tẹ bọ́tìnì kọfí, omi kì í rọra sun mọ́. Á pariwo ṣìììì, á máa tu itọ́ gbígbóná káàkiri, èéfín á bo gbogbo orí tábìlì. Ìwọ̀nba kọfí tó bá bọ́ sínú ife á korò bí ewúro. Mi ò sì fọwọ́ kan bọ́tìnì èéfín rárá. Òkè ẹ̀rọ náà, níbi tí mò ń to ife sí, kò ṣeé fọwọ́ kàn mọ́.

Ẹnì kan ní àdúgbò sọ pé iná ìlú ló pọ̀ jù, kí n lọ ra sítábíláísà ńlá. Ẹlòmíràn ní kí n gbé e jù nù. Mi ò fẹ́ jù ú nù. Bàbá mi kì í mu kọfí mìíràn ní òwúrọ̀ mọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rọ yìí ti wọlé, inú mi sì máa ń dùn láti ṣe é fún wọn. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ará Adjarra:
Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé kì í ṣe pé ẹ kọ́kọ́ ho wàrà kí ẹ tó fa kọfí? Tèmi kò ní ìkòkò, irin kan ni omi ń gbà kọjá nínú rẹ̀ tó fi ń gbóná. Bí mo bá ho wàrà tán tí mo fẹ́ ṣe kọfí lójú ẹsẹ̀, àwọn iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, kò ní ṣiṣẹ́. Ńṣe ni mo máa ń fi omi sun gba inú rẹ̀ títí yóò fi tutù.

Atúnnáṣe Kétu:
Ará Adjarra, tiyín kì í ṣe àìsàn. Èéfín tí a fi ń ho wàrà ń fẹ́ ooru tó lé ní 120 dígírì, kọfí kò sì fẹ́ ju 90 sí 96 lọ. Bí ẹ̀rọ bá ti èéfín bọ̀, ó gbọ́dọ̀ tutù kí ó tó lè ṣe kọfí. Omi tí ẹ ń sun yẹn ni oògùn rẹ̀, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́, tiyín yàtọ̀, nítorí ẹ ò tẹ bọ́tìnì èéfín. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí inú irú ẹ̀rọ yẹn ṣe rí, torí ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí iná ń gbà kò ní máa pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́.

Thermostat méjì ló wà lára ìkòkò náà. Ohun pẹlẹbẹ kékeré ni, wáyà méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Irin tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń yí padà lójijì bí ooru bá dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, á sì já iná. Ti kọfí sábà máa ń já ní nǹkan bíi 107. Ara ìkòkò níta ló ń wọn ooru, omi tó bá fi máa dé orí kọfí yóò ti rọlẹ̀ sí ìwọ̀n tí a ń fẹ́. Ti èéfín máa ń já ní nǹkan bíi 145. Ojú ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì tò sí. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì èéfín, bọ́tìnì yẹn á la ọ̀nà ẹ̀bùrú fún iná láti yẹ thermostat àkọ́kọ́ sílẹ̀, èkejì nìkan ni yóò wá máa ṣọ́ ìkòkò.

Ohun méjì péré ló lè wá jẹ́ kí èéfín tú láìtẹ bọ́tìnì. Ó lè jẹ́ pé inú bọ́tìnì èéfín ti lẹ̀ pọ̀, tí ọ̀nà ẹ̀bùrú náà wà ní ṣíṣí nígbà gbogbo. Ó sì lè jẹ́ pé thermostat kọfí kò já iná nígbà tó yẹ kó já a.

Ní ti iná ìlú, ẹ má tíì ná owó lórí sítábíláísà. Bí iná bá ga, omi á yára gbóná ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ooru bá dé 107, thermostat á já a bó ṣe ń já a tẹ́lẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí iná ti lè fa ìjàngbọ̀n ni bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ẹ wo àkọlé tó wà nídìí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 120 V ni wọ́n kọ síbẹ̀, tí ẹ wá kì í bọ 220 V wa, irin tí wọ́n ṣe fún 1000 W yóò máa fa ohun tó lé ní 3300 W. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí síbí.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni 230 V, 50 Hz, 1300 W.

Ìyá Kafetéríà, Ouando:
Ẹ kú àṣẹ̀ṣẹ̀jí o. Èmi ń ta búrẹ́dì, ẹyin díndín àti kọfí ní Ouando, mi ò ní ẹ̀rọ olówó ńlá yìí, ìkòkò iná ńlá ni mo fi ń se omi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ìdí ìkòkò iná bá ti ní ẹfun funfun, ó ti ń lọ nìyẹn. Ẹ fọ ẹfun inú rẹ̀ kí ẹ tó tú ohunkóhun.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́:
Òótọ́ lẹ sọ, ìyá wa. Níbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, omi kànga ẹ̀rọ tó ń ti inú àpáta wá máa ń fi ẹfun sílẹ̀ nínú kẹ́tù kíákíá. Nígbà tí mo wà ní Àjàṣẹ́, kẹ́tù mi kì í rí bẹ́ẹ̀. Asíìdì sítíríkì ni mo fi ń fọ ẹ̀rọ tèmi, nǹkan bíi 20 gíráàmù sínú lítà omi kan, ìṣẹ́jú bíi 20, kí n tó fi omi mímọ́ ṣàn án dáadáa. Ẹ má fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ rọ́pò rẹ̀ o, èérún rẹ̀ á lọ dí ojú ihò tóóró inú ẹ̀rọ. Bí ìkòkò rẹ̀ bá sì jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ má fi asíìdì sílẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́jú, yóò jẹ ẹ́.

Atúnnáṣe Kétu:
Ìmọ̀ràn dáadáa nìyẹn, ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀rọ kọfí máa ṣe é. Àmọ́ mi ò rò pé ẹfun inú ni wàhálà tibí. Nínú irú ìkòkò tí irin ìgbóná rẹ̀ wà lára ògiri ìkòkò fúnra rẹ̀, ẹfun máa ń dúró láàárín ògiri àti omi. Ògiri á gbóná, thermostat tó wà lára ògiri á tètè já iná, omi inú á sì ṣì tutù. Kọfí tí kò gbóná tó, tó sì ń sun tín-ín-tín-ín, ni ẹfun máa ń fà lọ́pọ̀ ìgbà. Òdìkejì ohun tí Ọmọ Àjàṣẹ́ sọ ni.

Ọmọ Àjàṣẹ́, ẹ ṣe báyìí. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri pátápátá, ẹ má kàn pa bọ́tìnì lásán. Ẹ jẹ́ kí ó tutù dáadáa, ìkòkò irin máa ń pa ooru mọ́ pẹ́ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ da omi inú agbada rẹ̀, ibi tí a ń rọ omi sí, nù. Ẹ ṣí òkè rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo wáyà kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ fa wáyà méjì tó lọ sí bọ́tìnì èéfín yọ, ẹ fi téèpù oníná wé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà kan ara wọn tàbí kan irin. Ẹ dé òkè rẹ̀ padà, ẹ da omi sí i, kí ẹ tó tàn án. Bí èéfín kò bá tú mọ́, bọ́tìnì ló jẹ̀bi. Bí ó bá ṣì ń tú, bọ́tìnì mọ́ lẹ́sẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Mo ti ṣe é. Ó ṣì ń tú èéfín bó ṣe ń tú u tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo rí nǹkan kan nígbà tí mo ṣí i. Lórí ìkòkò náà, ọ̀pá aṣọ funfun kékeré kan wà tí ohun kan bí ìlẹ̀kẹ̀ irin wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti gé wáyà tó wọnú rẹ̀, wọ́n sì fi wáyà mìíràn so ẹ̀gbẹ́ kìn-ín-ní mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì tààrà, wọ́n wé téèpù dúdú mọ́ ọn. Téèpù náà ti yọ́. Kì í ṣe èmi ni mo ṣe é, mo sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó ṣí i láti ìgbà tí mo ti rà á.

Atúnnáṣe Kétu:
Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì rẹ̀ báyìí, ẹ má sì tàn án mọ́ títí a ó fi parí ọ̀rọ̀ yìí. Mo bẹ̀ yín.

Fíùsì ooru ni ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ rí yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ ìwọ̀n ooru rẹ̀ sára rẹ̀, ó sábà máa ń wà láàárín 167 sí 184 dígírì nínú irú ẹ̀rọ báyìí. Bí thermostat méjèèjì bá kọ̀ láti já iná, fíùsì yìí ni yóò kú kí ilé má baà jó. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yìí kí ẹ tó rà á bá fíùsì ní òkú, kò béèrè ohun tó pa á, ó fi wáyà fò ó kọjá, ó sì tà á. Ó ṣeé ṣe kí ohun tó pa fíùsì nígbà náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Thermostat èéfín tó ń já ní 145 nìkan ló ń dá ẹ̀rọ yín dúró báyìí. Bí ìyẹn náà bá lẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan, kò sí nǹkan mìíràn mọ́.

Ará Adjarra:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ bá yín jiyàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe áyọ́ọ̀nù lọ́jà ni wọ́n ń fò ó kọjá, áyọ́ọ̀nù yẹn sì ń ṣiṣẹ́ fún ọdún. Fíùsì náà ṣòro láti rí rà.

Atúnnáṣe Kétu:
Kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ní Kútọnu, àwọn tó ń ta ohun èèlò rédíò àti tẹlifíṣọ̀n máa ń tà á, owó rẹ̀ kò tó ti ife kọfí kan ní ilé oúnjẹ ńlá. Ìwọ̀n ooru àti ampere tó wà lára rẹ̀ ni kí ẹ wò: ti ìkòkò ìrẹsì oníná kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ẹ̀rọ kọfí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí inú mi kò fi dùn sí fífò ó kọjá. Ẹni tó ń lọ aṣọ dúró ti áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Ẹ̀rọ kọfí, a máa ń tàn án, a ó lọ wẹ̀, a ó lọ kírun, a ó sin àwọn ọmọ dé ẹnu ọ̀nà. Bí omi inú agbada bá tán nígbà yẹn tàbí tí pọ́ǹpù kò fa omi wọlé mọ́, ìkòkò á gbẹ, irin á máa gbóná lórí òfìfo. Wáyà á yọ́, ike tó bò ó á gbiná, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí sì máa ń wà lábẹ́ àpótí ìdáná onígi. Mo ti rí ògiri ilé ìdáná tó di dúdú láti ilẹ̀ dé àjà nítorí irú nǹkan báyìí, àwọn onílé wà nínú yàrá tí wọn ò mọ̀. Mi ò lè rí wáyà tí wọ́n fi fo fíùsì kí n sì dákẹ́.

Ohun kan náà ni ọ̀rọ̀ irin ilẹ̀ pulọ́ọ̀gì. Ẹ má gé e o, ẹ má sì lo èyí tí kò ní in. Omi àti iná wà nínú àpótí irin kan náà.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Mo ti yọ ọ́, mo gbé e kúrò nílé ìdáná. Bàbá mi ti gbọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n ní kí ẹ kú làálàá. Ó wá ku thermostat kọfí. Ṣé kí n kàn ra tuntun?

Ará Adjarra:
Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́, kí ẹ jù ú sínú omi tó ń hó, kí ẹ fi mítà oníná wò ó bóyá ó já.

Atúnnáṣe Kétu:
Kò ní já, kódà bí ó bá jẹ́ tuntun. Omi kì í gbóná ju 100 lọ, 107 ni wọ́n kọ sára thermostat. Ẹ ó wá rò pé ó bàjẹ́, ẹ ó sì jù ú nù láìnídìí. Òróró ni ẹ ó lò. Ẹ bu òróró ẹ̀pà díẹ̀ sínú páànù kékeré, ẹ ki ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru oúnjẹ bọ̀ ọ́, iná rẹ̀ kó rọra máa lọ. Ẹ fi ẹ̀mú mú thermostat náà kí ojú irin rẹ̀ nìkan kan òróró, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ní wáyà wà lókè gbígbẹ. Ẹ yí mítà sí ibi tó ti máa ń ké bí iná bá rí ọ̀nà kọjá, ẹ so ó mọ́ ọn. Kí omi kankan má ṣe kán sí i o, òróró gbígbóná á fò. Kí àwọn ọmọdé jìnnà síbẹ̀.

Nígbà tó bá tutù, mítà á ké. Bí ooru bá dé agbègbè 107, yóò ṣe kà, mítà á dákẹ́. Bí ẹ bá dé 120 tí mítà ṣì ń ké, ó ti kú nìyẹn.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ó já! Ìwọ̀n ooru fi 106 hàn nígbà tó já, nígbà tí òróró rọlẹ̀ ó tún ṣe kà, mítà tún ké. Ó túmọ̀ sí pé thermostat náà dára. Kí ló wá ń ṣe ẹ̀rọ yìí?

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́:
Ibi tó jókòó sí ńkọ́? Ṣé ó ń kan ìkòkò dáadáa? Ẹ ya fọ́tò ibẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ẹ béèrè. Ibi tí ojú irin rẹ̀ ti yẹ kó lẹ̀ mọ́ ìkòkò, ohun funfun líle kan ló wà níbẹ̀, ó nípọn tó èékánná. Ó tẹ̀ lé ojú ìpàdé ìkòkò náà, níbi tí ìlàjì òkè àti ìlàjì ìsàlẹ̀ ti pàdé, ó sì ṣàn sísàlẹ̀ bí ipa omijé. Irin tẹ́ńpẹ́lẹ́ tó yẹ kó di thermostat mọ́ ibẹ̀ ti tú díẹ̀. Ọ̀rá tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, ó di ìyẹ̀fun.

Atúnnáṣe Kétu:
A ti rí i nìyẹn. Rọ́bà tó wà láàárín ìlàjì méjì ìkòkò náà ti gbó, omi ń jò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi gbẹ, ẹfun rẹ̀ kù, ó sì ń gbé thermostat sókè kúrò lára ìkòkò. Afẹ́fẹ́ ni thermostat ń wọn báyìí, kì í ṣe irin. Ìkòkò ti dé 145 kí ó tó rò pé òun ti dé 107. Bí ẹfun náà ṣe nípọn tó yẹn, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ó jọ pé òun náà ló pa fíùsì nígbà àkọ́kọ́.

Ẹ tú ìkòkò, ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà. Kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ooru àti oúnjẹ. Rọ́bà tí wọ́n gé lára táyà inú kọ́ o. Bí ẹ bá ti tú u, ẹ fọ ẹfun inú rẹ̀ bí Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe wí, nítorí ó ti wà ní gbangba. Ẹ fi sáńpépà tó kúná nu ojú ibi tí thermostat ń jókòó sí títí yóò fi dán. Ẹ ra ọ̀rá tí ń gbé ooru kọjá lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, ẹ béèrè èyí tó lè gba 200 dígírì, ẹ fi tín-ín-rín sí i. Bí ó bá pọ̀ jù, òun náà á di ìdènà. Ẹ tẹ irin tó ń dì í kó le.

Fíùsì tuntun, ẹ má fi òjé jó o mọ́ wáyà, ooru òjé á pa á kí ẹ tó tàn án. Irin kékeré tí a ń fi ẹ̀mú fún pọ̀ ni kí ẹ fi so ó, kí ẹ dá a padà sínú ọ̀pá aṣọ funfun rẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ìdúró dè mí. Rọ́bà ló pẹ́ kí n tó rí, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń bọ̀ láti Faransé ló bá mi mú un wá. Fíùsì àti ọ̀rá, mo rí wọn ní Kútọnu. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe wí, mo sì fi sípánà yí àwọn bóòtì ìkòkò ní igun sí igun kó lè jókòó dọ́gba.

Ó ti jinná! Omi ń sun jẹ́jẹ́, kò pariwo. Mo sun omi nìkan sínú ife tó nípọn tí mo ti fi omi gbígbóná ṣàn, ìwọ̀n ooru sọ 91. Mo ṣí òkè rẹ̀ lẹ́yìn tó ti tutù, mo fi ìwé nù kan gbogbo ojú ìpàdé ìkòkò, ó gbẹ. Bàbá mi ti mu tiwọn, wọ́n sì béèrè òmíràn.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ kú oríire! Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, nítorí ẹ̀rọ onithermostat máa ń lọ sókè sódò, kò dúró lójú kan. Ẹ sun omi díẹ̀ títí iná kékeré tó ń fi hàn pé ó ń gbóná yóò fi tàn. Ẹ dúró kó kú. Ìgbà náà ni ooru rẹ̀ ga jù lọ. Ẹ mú iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ ó máa dúró lẹ́yìn tó bá kú, ẹ máa lo ìwọ̀n yẹn nígbà gbogbo. Bí kọfí bá korò jù, ẹ fi kún un. Bí ó bá kan, ẹ dín in kù. Pàápàá bí ẹ bá ń lo robusta tí wọ́n ń gbìn ní gúúsù Benin wa níbí, ó tètè máa ń korò bí omi bá gbóná jù. Ní ìsàlẹ̀ 92 ni mo ti ń gbádùn rẹ̀.

Ìyá Kafetéríà, Ouando:
Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ó wọ̀ mí lára. Ẹ jọ̀ọ́ Atúnnáṣe, ìkòkò iná ńlá tèmi, nígbà mìíràn á kàn kú láàárín ọjà, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ á fi igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó ti nǹkan pupa kan nídìí rẹ̀, á tún tàn. Ṣé irú fíùsì yẹn náà ni?

Atúnnáṣe Kétu:
Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni, ìyá wa. Tiyín ṣeé tì padà, ti ẹ̀rọ kọfí kò ṣeé tì. Ó ń já nítorí pé ìkòkò náà gbẹ, tàbí ẹfun ti bo irin ìdí rẹ̀, tàbí thermostat rẹ̀ ti ń kú lọ. Kí ọmọ yẹn máa wo omi inú rẹ̀ kó má lọ sí ìsàlẹ̀ ojú irin, kó sì máa fa okùn iná yọ kó tó ti nǹkan pupa náà. Ẹ fọ ẹfun rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ó bá tún já lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́ tí omi sì kún inú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó tún tì í. Ẹ fi sínú ọkọ̀ tó ń gba Pobè bọ̀ ní Kétu, mo máa tú u wò fún yín.

Ìyá Kafetéríà, Ouando:
Mo gbọ́. Mo ti ní kó yọ ọ́ kúrò lára iná. Iná gáàsì ni a ó fi se omi lọ́la.